Ohun Tí Ṣùkú Bò Mọ́lẹ̀

Obìnrin kan wà tó mọ irun dì dáadáa. Àbúrò mi, mo ti gbọ́ ohun tí o wá bá mi sọ, n ó sì dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti obìnrin yìí fún ọ, torí pé ìlú tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́tàlá ló ń gbé, ojú mi báyìí ló sì ṣe.

Abẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló ń jókòó sí. Kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kojúsọ́kọ, kò sí èyí tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ṣùkú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù, irun tí a ń dì láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo lọ sókè, tí yóò wá ṣù jọ ní àtàrí. Ohun mìíràn tó mú kí wọ́n fọkàn tán an ni pé ó mọ awọ orí. Bó bá ti fi òòyà la irun, ó ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó mọ ìpẹ́ funfun lásán, tí fífọ orí déédéé lè lé lọ. Ó mọ ẹyin iná orí, tó máa ń lẹ̀ mọ́ irun tí kì í gbọ̀n dànù. Bí iwájú orí ọmọ kan bá ń pá nítorí pé wọ́n ń di irun rẹ̀ le jù, á sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí orí náà sinmi fún oṣù mélòó kan. Ó sì mọ làpálàpá orí ju gbogbo wọn lọ: ojú ibẹ̀ á rí roboto, irun ibẹ̀ á kán, á ku kùkùté kéékèèké. Ọmọdé ló máa ń mú jù, òòyà tí à ń yá ara wa ló sì máa ń gbé e kiri.

Nítorí èyí, ó ní òfin kan. Òun kì í di orí tó bá ní làpálàpá. Òfin náà dára. Ọ̀nà tó ń gbà pa á mọ́ ni kò dára, torí ojú gbogbo èrò ló ti máa ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, obìnrin aránṣọ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ìsọ̀ náà mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Onídìrí la irun ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbé òòyà sílẹ̀, ó sì pe gbogbo ẹni tó jókòó pé kí wọ́n wá wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi kó bá òun. Aránṣọ dìde. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n ní obìnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn èyí tí onídìrí jókòó láti di irun ọmọ tirẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, Àwẹ̀ró ló ń fi oríkì pè é. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbé orí lé itan rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, oorun sì ti ń gbé e lọ. Ìyá la irun. Ní àtàrí ọmọ náà, ó rí roboto kan tó tó ojú kọ́bọ̀, irun ibẹ̀ sì ti kán. Ìgbà yẹn ló tó rántí. Òòyà tó fi la orí ọmọ aránṣọ kò rí omi gbígbóná. Òun náà ló fi ya irun Àwẹ̀ró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà.

Kí ni ìwọ ì bá ṣe? Má tíì dá mi lóhùn. Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó ń wo òun. Ó wá di ṣùkú lé e lórí.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ o. Mo bẹ̀ ọ́, má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ imí ọjọ́, ó pò ó mọ́ àdí, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìlà irun náà ní àràárọ̀. Ó gún ewé asunwọ̀n. Fún làpálàpá ara, n kò ní bú ewé náà. Ṣùgbọ́n ti orí máa ń wọ ìdí irun lọ, ibi tí ohun tí a fi pa á lókè kò lè dé. Oògùn tí a ń gbé mì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń wò ó. Ilé ìwòsàn wa kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé rẹ̀. Àmọ́ kò sí bí yóò ṣe mú ọmọ wá tí a ò ní sọ pé kó tú irun, kò sì sí bí yóò ṣe tú irun tí ẹni tó bá jókòó sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà kò ní rí i.

Ohun kan ṣoṣo ló sọ fún ọmọ náà: “Àwẹ̀ró, bó bá ń yún ọ, má họ ọ́ lójú èrò.”

Ọmọ gbọ́ràn. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń tún ṣùkú rẹ̀ ṣe. Àwọn oníbàárà á ní ọmọ yìí mà gbáfẹ́ o, ìyá rẹ̀ á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà máa ń bú ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ẹni tó fi làpálàpá ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ tó ń tọ́jú orúkọ ńkọ́? N kò tíì gbọ́ òwe tó gba irú rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, yíyún dín kù, dídùn ló bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kò lè fi orí lé ìrọ̀rí mọ́. Kókó so sí ẹ̀yìn etí rẹ̀ méjèèjì, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ìyá rẹ̀ ní ibà ni, ó ra oògùn ibà fún un. Ìdí ṣùkú wá ń rin, eṣinṣin ń bà á, ó wé ìborùn mọ́ ọn lórí. Ọ̀sẹ̀ náà ni ìgbéyàwó ńlá kan ń bọ̀ ní ìlú, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó méjìlá ló sì fẹ́ dirun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ìgbéyàwó yìí bá ti kọjá, òun á tú irun náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìgbéyàwó, nígbà tí èrò kún ìsọ̀, Àwẹ̀ró dìde, ó rìn lọ sí ilé aránṣọ. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí ọmọ náà wí fún mi: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tú irun mi. Ẹ má pariwo.”

Aránṣọ kò pariwo. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rin irun náà, ó sì ń tú u díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó dé àtàrí, irun ń bá ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ọyún. Ó pọn ọmọ ọdún mẹ́jọ náà sẹ́yìn, ó gbé e wá bá mi. Ọmọ tirẹ̀ tẹ̀lé e. Mo wo orí ọmọ aránṣọ, irun ti kún ibẹ̀ pátá. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n lé wọn ní ìsọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti mú un wá gba oògùn lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ìlú ti rí i, kò sóhun tó kù láti fi pamọ́.

Àtàrí Àwẹ̀ró wú, ó sì rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù. A fọ̀ ọ́, a fún un ní oògùn ọyún àti oògùn làpálàpá, a sì dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí ara gbígbóná. Kò ké. Ìgbà tí mo ń fi aṣọ wé ojú egbò náà ló di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò ní sọ fún àwọn oníbàárà wa?” Àbúrò mi, mo jáde síta, mo sunkún.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu dè é. Mo bi í bóyá òun tó mọ awọ orí tó báyìí kò mọ ohun tí èyí jẹ́ ni. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀.

“Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀, mà.”

Mo fa àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ náà.

Ọmọ náà yè, àrùn náà sì lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti jẹ wọ inú awọ di àpá, ó ń dán, ó fẹ̀ tó ìdí ife. Irun kan kò hù níbẹ̀ mọ́, kò sì ní í hù. Ká ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n mú un wá ni, ì bá hù. Ohun tí ìyá rẹ̀ sì ń bẹ̀rù ńkọ́? Àwọn oníbàárà kan sá lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ti ń fi omi gbígbóná se òòyà rẹ̀, wọ́n padà. Oṣù kan péré ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Àwẹ̀ró ni kò padà. Kò bú ìyá rẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ di irun tó yí àpá náà ká, ilé aránṣọ ló ń lọ, obìnrin tí kò mọ irun dì, tó ń dì í wọ́kuwọ̀ku. Onídìrí á jókòó ní ìsọ̀, orí ọmọ ọlọ́mọ á wà lórí itan rẹ̀, á máa wo ọmọ tirẹ̀ bó ṣe ń kọjá lọ. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni mo kúrò ní ìlú yẹn. Títí mo fi kúrò, ọmọ náà kò gbé orí lé e nítan mọ́.

Ó kan ìwọ náà wàyí, àbúrò mi. O wá bẹ̀ mí pé bí ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ obìnrin bá wá ṣe ìwádìí, kí n sọ fún wọn pé ọmọ rẹ ọkùnrin wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. O ní bí ìdána bá ti kọjá, ẹ ó wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Oṣù kẹta rèé tí ọmọ náà ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, tí kò sùn, tí kò wẹ̀, tí ẹ̀yin sì ń yí rédíò sókè kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. O mọ ohun tó ń ṣe é. Má purọ́ fún mi, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lo ti mọ̀.

Àìsàn ni, oògùn sì wà fún un, mo mọ àwọn tó ń wò ó. N kò ní tàn ọ́ jẹ pé àwọn àna náà kò ní lọ. Wọ́n lè lọ. Ẹlòmíràn lè wá, ó sì lè má wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nínú yàrá yẹn ń gbọ́ rédíò náà, ó sì mọ ìdí tí ẹ fi yí i sókè. Lọ mú un wá lónìí, èmi ni n ó bá yín dé ilé ìwòsàn. Lọ mú un wá nígbà tó ṣì ń dáhùn bí o bá pè é.