Àmì Tó Parẹ́ ní Ilé Ìtẹ̀wé Arómirẹ́

"Àmì ló parẹ́, ẹrù ò nù." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ yín ni yóò máa wòkè. Òwe náà kò dàgbà tó bí ẹ ṣe rò. Inú kọ̀ǹpútà ló ti jáde.

Fadérera ni olóòtú Ilé Ìtẹ̀wé Arómirẹ́ ní Iléṣà. Bàbá rẹ̀ fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà jọ, ó sì fi àmì ohùn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọlọ́jọ́ tó dé. Inú ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń kó iṣẹ́ wọn sí, ni làálàá náà wà. Kò sí ẹ̀dà mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná lọ lójijì, ó sì padà dé. Láṣebìkan, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, tan ògbólógbòó náà, ó wò ó, ó sì figbe ta láti yàrá ẹ̀yìn pé, "Yéè! Gbogbo àmì ti parẹ́!"

Níbòmíràn, ẹnikẹ́ni ò ní yíjú. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti ń tẹ ìwé Yorùbá, àmì orí ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń pè ní àmì. Fadérera jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

"Mo gbé o! Kí la ó fi mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́? Ta ni n ó bi? Bàbá ti lọ!"

Láṣebìkan sáré jáde. "Àǹtí mi, ẹ dìde. Kì í ṣe àmì ohùn. Àwòrán kékeré tó máa ń wà lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan ni mo ń wí. Fáìlì kan wà tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́, òun ló fi ń dá àwọn yòókù mọ̀. Ìyẹn ló bàjẹ́. N ó pa á rẹ́, yóò sì tún òmíràn ṣe fúnra rẹ̀."

"Pa kí ni rẹ́?" Fadérera gbá a lọ́wọ́ mú. "Nínú iṣẹ́ bàbá mi? O ò ní fọwọ́ kàn án!"

"Ẹ gbọ́ ná. Bí òjò bá fọ ẹfun tí ẹ fi sàmì sí àpò gàrí yín nínú ọkọ̀, ṣé gàrí ti dànù nìyẹn?"

Fadérera kò tú u sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe jọ wọ yàrá ẹ̀yìn nìyẹn. Ọwọ́ kejì ni Láṣebìkan fi fipá ṣí fáìlì kan. Ojú ewé kan yọ: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, àmì wọn pé pérépéré. Fadérera kà á sókè, ó tún un kà. Ìgbà náà ló tó tú ọwọ́ ọlọ́wọ́ sílẹ̀.

"Ó yá, ṣe é. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ síbòmíràn."

Láṣebìkan dà á kọ, ó pa fáìlì tó bàjẹ́ rẹ́, ó sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Ògbólógbòó náà ń kùn, ó ń yẹ ẹrù inú rẹ̀ wò, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ara tu Fadérera. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àṣé àmì ló parẹ́, ẹrù ò nù!"

"Kò nù, mà," ni Láṣebìkan wí, ó ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ mi ló kù díẹ̀ kó nù."

Láti ilé ìtẹ̀wé ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sígboro. Lónìí, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tó wá ń fojú pamọ́, tàbí tí àìsàn bá ba awọ ara ẹlẹ́wà jẹ́ tó ní òun ò wúlò mọ́, àwọn àgbà á jókòó tì í, wọn á pa òwe yìí fún un. Ẹni tó ń sunkún ohun tí kò tíì tú wò ni wọ́n ń pa á fún.