Yẹ̀pẹ̀ Tí Àjàgbé Fi Bo Ìtọ̀ Rẹ̀

Omi-Dúró-Sójú-Kan, awo etí odò, ló dífá fún Àjàgbé onígèrè ní ọjọ́ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, tó sì ń fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ìgèrè ni Àjàgbé fi ń mú ẹja. Inú omi tí kì í ṣàn ló máa ń dúró sí láti àárọ̀, tí omi á mù ún dé ìbàdí. Ní ọjọ́ kan, ó kó ẹja inú ìgèrè Adéọ̀tí, àna rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Adéọ̀tí ti so aṣọ pupa mọ́ ọn ní ààlè, kí ibi lè bá ẹni tó bá jí i. Kò pẹ́ tí ìtọ̀ Àjàgbé fi di pupa. Ó rò lọ́kàn rẹ̀ pé ààlè ló mú òun. Bó bá sọ àìsàn náà fún ẹnikẹ́ni, ó ti jẹ́wọ́ olè nìyẹn. Ẹ̀yìn ilé ló wá ń tọ̀ sí, tó ń fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, rí òkìtì yẹ̀pẹ̀ kéékèèké lẹ́yìn ilé.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ ti di ológbò ni, tí ẹ ń wa yẹ̀pẹ̀ bo nǹkan?"

"Gbọ́ tìẹ."

"Tiyín ni tèmi."

Àwẹ̀ró tú òkìtì kan, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ awo. Ifá ní kí Àjàgbé má fúnra rẹ̀ dárúkọ ohun tó ń ṣe é, nítorí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú ìtọ̀ pọ̀. Òkúta lè wà nínú kíndìnrín. Egbò tàbí kókó lè wà nínú àpò ìtọ̀. Aràn omi lè gba awọ ara wọlé. Ti àgbàlagbà lè yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́, ti obìnrin sí ti ọkùnrin. Kí ó fi ẹyẹlé rúbọ. Kí ó tọ̀ sínú igbá funfun, kí ó gbé e lọ bá oníṣègùn ní ọ̀sán, lójú gbogbo ayé.

Àjàgbé rú ẹyẹlé, ó pa igbá tì. Ìtọ̀ wá ń ta á bí ata. Ó rù, kò lè gbé ìgèrè mọ́.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀yin ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ìtìjú yín. Bí ẹ bá kú, ta ni kí n máa bá jà?" Ó gbé igbá lé e lọ́wọ́.

Àjàgbé tọ̀ sínú rẹ̀, ó gbé e, ó ń lọ bá oníṣègùn. Iwájú ilé Adéọ̀tí ni ọ̀nà gbà kọjá. Adéọ̀tí bi í pé kí ló gbé.

"Ẹja rẹ ni mo kó. Ààlè rẹ ti mú mi. Wò ó."

Adéọ̀tí wo inú igbá. Ó jókòó sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn ṣì ń bí mi nínú, n kò sì tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló wá so ààlè fún èmi? Èmi náà ń fi yẹ̀pẹ̀ bo tèmi."

Ó wọlé, ó gbé igbá tirẹ̀ jáde. Àwọn méjèèjì jọ lọ. Oníṣègùn wò ó, ó béèrè omi tí wọ́n ń dúró sí, ó ní aràn inú rẹ̀ ni. Ó fún wọn ní oògùn, ó ní kí wọ́n má wọ omi náà mọ́. Ìtọ̀ wọn mọ́. Àjàgbé san ẹja fún àna rẹ̀. Ó yin awo, ó yin Àwẹ̀ró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, igbá yẹn gan-an ni ẹbọ. Bí ìtọ̀ yín bá pupa, ì báà má dùn yín, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ má bò ó. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lónìí, kí wọ́n bá yín wá ìdí rẹ̀. Àjàgbé gbọ́ ìkìlọ̀, ó rú ẹbọ rẹ̀ pé, ó sì dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ Àwẹ̀ró.