Yàrá Mẹ́fà Nínú Ọkọ̀ Olóyè Ajíbogun
Olóyè Ajíbogun fi àgádágodo ti àgọ́ tí Ọmọ́lèrè ti ń kan ọkọ̀ pa. Ó ní òun ò ní ṣí i, àfi tó bá kan ọkọ̀ oníkùn méjì, ìyẹn ọkọ̀ méjì tí a so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tó ní yàrá mẹ́fà fún òun, tí yóò sì ṣáájú gbogbo ọkọ̀ ìgbòkun níbi ìdíje ọdún. Ta ni kò mọ̀ pé ẹrù a máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn? Ọmọ́lèrè yá irinṣẹ́, ó kan ọkọ̀ náà létí omi. Ó fi pákó ṣe yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣùgbọ́n kò kan ìṣó kankan mọ́ wọn. Okùn ló fi so wọ́n mọ́ ọkọ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, Olóyè wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n Ọmọ́lèrè ló tù ú, torí àṣà ni pé ẹni tó kan ọkọ̀ ní í kọ́kọ́ tù ú. Nígbà tí àwọn apẹja ń kọjá lára wọn, tí wọ́n ń ké pé, “Ilé ń lúwẹ̀ẹ́ o!”, Ọmọ́lèrè ní, “Bàbá, yàrá àlejò ló ń fà wá sẹ́yìn. Ṣé kí n tú u?” Olóyè ní, “Tú u dànù!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku yàrá Olóyè, Olóyè fúnra rẹ̀ ló fi eyín já okùn yẹn. Ọkọ̀ wọn ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀, Olóyè dúró lórí pákó lásán, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọmọ́lèrè nawọ́ sí i: “Kọ́kọ́rọ́ àgọ́ mi dà? Yàrá mẹ́fà, mo ṣe é. Ipò kìíní, mo gbà á. Ta ló wá tú yàrá dànù, Bàbá? Ẹ dá mi lóhùn!”