Ta Ni "A" Tí Kò Rí Ẹnìkan Mọ́?

"Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan mọ́." Kò sí àgbàlagbà Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Bí kò bá sí ẹnìkan níbẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ta wá ni "a" tó dúró, tó ń wò? Ẹni tí kò sí níbì kan kò lè sọ pé òun kò rí ẹnìkan níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú, nítorí àwọn tó ń pa òwe náà kì í béèrè. Ẹ fìdí kalẹ̀ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ má fìdí kalẹ̀ pẹ́ jù. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ní ìlú Abẹ́-Àpáta, ọkùnrin olówó kan wà tó ń jẹ́ Láníhun. Obì ló ń tà, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a kó o, tí wọ́n ń bá a rù ú. Òun a jókòó sórí àga ńlá tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, a sì máa pàṣẹ. Àga náà tura púpọ̀. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: orí rẹ̀ ni bàbá Láníhun kú sí, orí rẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí. Àwọn méjèèjì sanra, àwọn méjèèjì kì í rìn, ọ̀sán gangan ni àwọn méjèèjì sùn lọ tí wọn kò jí mọ́. Nígbà tó di pé Láníhun náà kò lè ti yàrá dé ẹnu ọ̀nà kí èémí rẹ̀ má fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, oníṣègùn ìlú wò ó, ó ní oògùn rẹ̀ kò sí nínú ìgò. Kó máa fẹsẹ̀ gun àpáta ẹ̀yìn ìlú láràárọ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àga náà yóò gba ẹnì kẹta.

Ẹ̀rù ba Láníhun gan-an. Ó sì lọ jókòó lórí àga náà láti ronú.

Ní ọjọ́ kìíní, ó dé ẹsẹ̀ àpáta, ó wò ó sókè, ó padà. Ní ọjọ́ kejì, ó ní òjò ṣú. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní òjò kò ṣú, pé oòrùn yóò mú.

"Kò sẹ́ni tó ń dá gun òkè," ló wí fún Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. "Bí mo bá rí èrò, màá lọ. Ìwọ máa gòkè lọ dín àkàrà láràárọ̀. Ẹni tó bá bá mi gùn ún dókè, kó jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Bàbá Fọlárànmí, ṣé ẹ mọ bí epo ṣe wúwo tó lórí èèyàn?"

"Ẹsẹ̀ mi ló wúwo jù."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹsẹ̀ ti ń ró gìrìgìrì lágbàálá Láníhun. Arúgbó tó ti ń ráhùn orúnkún láti ọdún tó kọjá fò dìde lórí ẹní. Abiyamọ pọn ọmọ tirẹ̀, ó tún yá ọmọ ẹlòmíràn pọ̀n, kí àkàrà lè di mẹ́ta. Wọ́n sọ Láníhun ní Àńjọ̀fẹ́, ilé rẹ̀ sì di ilé Àńjọ̀fẹ́.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kì í fẹnu kan àkàrà náà: Òjélàbí, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, adìẹ Òjélàbí lọ yé sí kọ̀rọ̀ ilé Láníhun. Láníhun ní ẹni tó ni kọ̀rọ̀ ló ni ẹyin. Òjélàbí ní ẹni tó ni adìẹ ló ni ẹyin. Adìẹ ti kú, Baálẹ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ti kú, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò kú. "Èmi ò ní jẹ àkàrà ẹni tó jẹ ẹyin mi," ni Òjélàbí máa ń wí. Síbẹ̀ kì í ṣàì gun àpáta, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀ ń lọ.

Níbi tí nǹkan ti wọ́ nìyí. Láníhun ti pàṣẹ pé kí wọ́n má pín àkàrà títí òun yóò fi dókè, bẹ́ẹ̀ ó ń rìn bí ìgbín tó gbé ẹrù. Òórùn àkàrà ń ti òkè bọ̀, ara kò gba àwọn èèyàn mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn géńdé gbé àga bàbá rẹ̀ jáde. "Bàbá, ẹ jókòó," ni wọ́n wí, "ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún wa." Wọ́n gbé e tòun tàga, wọ́n sáré gòkè. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ gbogbo ìlú ń le sí i, Láníhun nìkan ló ń sanra sí i. Ó sì ń yangàn fún àlejò pé òun kì í pa ọjọ́ kan jẹ nínú gígun àpáta.

Ní ọjọ́ kan tí kùrukùru bolẹ̀, Àwẹ̀ró gbójú sókè nídìí iná. Ó rí àga náà tó ń yọ bọ̀ lórí èjìká àwọn èèyàn, ó rí ọkọ rẹ̀ lórí rẹ̀, orí rẹ̀ ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Obìnrin náà figbe ta. Ó rò pé àga ti gba ẹnì kẹta.

Láníhun ta jí. "Ṣé ó ti jinná?"

Àwẹ̀ró da ẹ̀wà lílọ̀ tó kù sílẹ̀, ó sì gbé agbada kúrò lórí iná. "Mi ò dín àkàrà ìsìnkú yín mọ́," ló wí, ó sunkún sọ̀kalẹ̀ lọ sílé.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí ẹsẹ̀ kankan lágbàálá. Láníhun jókòó lórí àga, oorun sì ti ń kùn ún.

"Àńjọ̀fẹ́ kú o!" ni ẹnìkan ké lẹ́nu ọ̀nà. Òjélàbí ni, tòun tọ̀pá.

"Ta ló kú? Èmi ni wọ́n ń pè ní Àńjọ̀fẹ́, ojú mi sì là sílẹ̀."

"Àkàrà dà? Èrò dà? Òkú ni ọ́. Èmi ń lọ parí ọ̀rọ̀ ẹyin mi lórí àpáta. Bí òkú bá fẹ́ fèsì, kó máa bọ̀."

Ó ń lọ, ó ń bú u lọ. Ìdajì èébú náà ni Láníhun ń gbọ́, ìdajì tí kò gbọ́ ló sì ń dùn ún jù. Ó dìde. Ó tẹ̀ lé e. Bí Láníhun bá ní "Ìwọ," èémí á tán. Ó di ìdí igi iwájú kó tó rí "olè" tó kù sọ. Òjélàbí náà kò sàn jù ú lọ. Oòrùn ti ga kí wọ́n tó dókè, níbi tí eérú Àwẹ̀ró ti tutù. Wọ́n bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà.

"Ṣé o rí ẹnìkan?" ni Láníhun bi í.

"Mi ò rí. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà ò rí."

"A ò rí ẹnìkan mọ́," ni Òjélàbí wí.

Láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ ẹyin, "èmi" àti "ìwọ" nìkan ló ń jáde lẹ́nu wọn. "A" yẹn bá wọn lójijì. Ojú ti Òjélàbí, ó yára fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n Àńjọ̀fẹ́ kú."

"N kò kú!"

Ìyẹn ni wọn kò rí parí. Láràárọ̀ ni Òjélàbí ń ké e lẹ́nu ọ̀nà pé Àńjọ̀fẹ́ kú, láràárọ̀ ni Láníhun ń gun àpáta lọ fi hàn án pé òun wà láàyè, títí èémí rẹ̀ fi tó bú ọ̀tá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè láìsinmi. Àwẹ̀ró ti àga náà sẹ́yìn ilé. Adìẹ Òjélàbí kan sì lọ yé sórí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó ń wọ́ tẹ̀ lé èèyàn nítorí ohun tí wọ́n ń rí jẹ bá pẹ̀yìn dà lọ́jọ́ tí kò sí mọ́, àwọn àgbà a ní, "Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan mọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa á fún yín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín kí ẹ tó sunkún. Ó lè jẹ́ pé ọ̀tá yín ṣì wà níbẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń dúró de èsì.