Iyọ̀ Orí Pẹpẹ

Ní ìlú Òkè-Ọ̀sàn, nígbà tí ilé-ìwé ṣì jẹ́ ohun tuntun lójú àwọn ènìyàn, opó kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dúrótoyè. (Ẹni tó bá ní òwe tí mò ń bọ̀ wá pa yìí dàgbà ju ilé-ìwé lọ, kó fara balẹ̀, bí mo bá parí, kó sọ tirẹ̀.) Obìnrin náà ga, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn tó ń bá a yan odì pàápàá kì í kọ oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí Dúrótoyè, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lọ ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀, ilé dá páropáro. Ó tọ Tíṣà Ọ̀gúnrìndé, olórí ilé-ìwé, lọ, ó ní kó jẹ́ kí àwọn ọmọ máa yà sọ́dọ̀ òun bí wọ́n bá ti jáde nílé-ìwé, kí òun máa kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè. Tíṣà gbà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ìdáná, tọkùnrin tobìnrin wọn.

Wọ́n kọ́ bí a ti ń ṣa ẹ̀wà, bí a ti ń bẹ iṣu láìbẹ ìka mọ́ ọn, àti bí a ti ń dáná tí èéfín kò ní lé ará ilé síta. Iyọ̀ nìkan ni Ìyá Dúrótoyè kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Inú kèrègbè kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló ń kó o sí, orí pẹpẹ tó ga lókè ààrò ló sì ń gbé e sí, kí ooru iná lè máa mú kó gbẹ. Bí àkókò iyọ̀ bá tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé kèrègbè, tí yóò gbọ̀n ọ́n díẹ̀ sínú ìkòkò, tí yóò sì dá a padà. Ó ní ọmọdé kò mọ ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n inú Bàbá Móríyìkẹ́ kò dùn sí ẹgbẹ́ yìí. Aránṣọ ni, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ni olórí ariwo níbẹ̀. Ó ń sọ kiri pé, "Èmi ò rán ọmọ nílé-ìwé kó lọ máa fẹ́ná." Àwọn òbí mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Tíṣà kì í fẹ́ ìjà, kò sì mọ bí a ti ń parí rẹ̀, ló bá pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ wá se àsáró lójú gbogbo òbí. Bí ó bá ṣe é jẹ, ẹgbẹ́ dúró. Bí kò bá ṣe é jẹ, ẹgbẹ́ tú. Àgbàlagbà kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìyá Dúrótoyè gbà, àmọ́ kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ tú. Àwọn ọmọ yìí nìkan ni ohùn tó ń dún nínú ilé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, gbogbo òbí pé sí ilé ìdáná Ìyá Dúrótoyè, àwọn ọmọ bẹ iṣu, wọ́n gé e, wọ́n gbé e kaná, wọ́n da ata àti àlùbọ́sà sí i. Ẹnu ya àwọn òbí. Iṣu ti ń rọ̀ bọ̀ nígbà tí Móríyìkẹ́ gbójú sókè.

"Màmá, iyọ̀ ńkọ́?"

Gbogbo ojú bá a lọ sókè pẹpẹ. Ìyá Dúrótoyè dìde láti gbé e.

"Ẹ jókòó, ìyá," ni Bàbá Móríyìkẹ́ wí. "Òfin ni òfin."

Àwọn ọmọ na ọwọ́, wọ́n fò, kò tó. Móríyìkẹ́ bá yí odó wá, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ lé e. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ figbe ta pé kó sọ̀ kalẹ̀, pé èèwọ̀ ni, ta ló ń gun odó?

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, kò yé e mọ́. "Bàá mi, ẹ ní kí n má gun odó, ẹ tún ní kí Màmá má gbé e. Ṣé iyọ̀ á wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni?"

Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ní gbígbé iyọ̀ sílẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ sísè. Òmíràn ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ẹni tó ṣẹ́ igi ìdáná náà kò bá wọn sè é ni? Tíṣà ní kí wọ́n gbé e. Ó tún ní kí wọ́n má gbé e. Ó ní kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè, àmọ́ nígbà tí wọ́n nawọ́, kò rántí èwo ni wọ́n ń fara mọ́. Omi inú ìkòkò ń gbẹ. Níkẹyìn, ó ní kí Ìyá Dúrótoyè gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó má gbọ̀n ọ́n.

Ó gbé e sílẹ̀. Móríyìkẹ́ gbọ̀n ọ́n, nǹkan kan ò jáde. Òrùlé ti jò sórí pẹpẹ lóru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, iyọ̀ sì ti dì bí òkúta. Ìyá Dúrótoyè gbàgbé òfin, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka méjì péré ló wọlé. Bàbá Móríyìkẹ́ náà gbàgbé òfin tó ń ṣọ́.

"Ẹ gbé e wá níhìn-ín. Kí ni ọmọdé fẹ́ ṣe sí i tí àgbà ò lè ṣe?"

Ó kó ìka jọ, ó fi agbára tì í. Oríkèé ìka há sí ẹnu kèrègbè: kò wọlé, kò jáde. Àwọn kan di kèrègbè mú, àwọn kan di aránṣọ mú, Tíṣà di àwọn tó di aránṣọ mú. Ẹnì kan ní kí wọ́n fọ́ ọ.

"Ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ́," ni Ìyá Dúrótoyè wí. "Kèrègbè ìyá mi nìyẹn."

Móríyìkẹ́ bu epo pupa, ó fi pa ìka bàbá rẹ̀ yíká. "Bàá mi, ẹ má fà á. Ẹ dẹ̀ ẹ́." Ọwọ́ yọ̀ jáde. Láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọ náà ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó fi èékánná ha iyọ̀, ó bù ú jáde, ó wọ́n ọn sínú ìkòkò, ó rò ó pọ̀.

Iṣu ti rọ̀ jù, àsáró fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀kọ, àmọ́ iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Ọwọ́ ọ̀tún aránṣọ ti wú, kò sì lè fi tòsì jẹun láàárín àwùjọ, nítorí náà Móríyìkẹ́ ló bù ú sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó tún la ẹnu.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí, ó ń họ orí, "ṣé ẹgbẹ́ dúró ni, àbí ó tú? Torí àgbà ti fọwọ́ kàn án, àgbà tó sì fọwọ́ kàn án…"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni Bàbá Móríyìkẹ́ wí. Ó yíjú sí opó náà. "Ìyá, àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́la." Ìyá Dúrótoyè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún bu àsáró fún un.

Nínú ilé ìdáná yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, tó fi di ohun tí àgbà ń pa lówe títí dòní pé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.