Ilé Tí Wọ́n Ní Kí Ẹnikẹ́ni Má Fọwọ́ Kàn

Ọkùnrin kan wà tí ìjọba ìbílẹ̀ ìlú rẹ̀ fi ṣe olùtọ́jú àwọn ilé àtijọ́. Nínú gbogbo wọn, èyí tó fẹ́ràn jù ni agboolé kan nítòsí ọjà, tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn àti òpó igi tí a gbẹ́ ọnà sí lára. Oníṣòwò kan fẹ́ wó o kó fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Olùtọ́jú yìí ló bẹ alága, ló bẹ àwọn káńsẹ́lọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o. Ìyá àgbà tó dàgbà jù nínú agboolé náà súre fún un títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí, kò sì mọ ibòmíràn tí yóò forí lé.

Ní agboolé yẹn, bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn ìyàwó ilé á po amọ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ gún un, wọ́n á sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ògiri yíká. Olùtọ́jú dé bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àyà rẹ̀ já. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́, pé ìjọba ló ni ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ.

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ká sòótọ́, inú àwọn ìyàwó kékeré tilẹ̀ dùn, torí iṣẹ́ amọ̀ kì í ṣeré. Ìyá àgbà nìkan ló ṣanwọ́ tó jókòó, tí kò mọ ohun tí yóò fi ọjọ́ náà ṣe.

Ìjọba ò rán ẹnikẹ́ni wá rẹ́ ẹ. Òjò rọ̀, ògiri sán. Òjò ọdún kejì rọ̀, ó lanu. Bí ògiri ò bá sì lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Oníṣòwò padà wá, ó ní ilé náà máa pààyàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan náà sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára pé wíwó ni. Kò pẹ́, ògiri yàrá ìyá àgbà ya lulẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Olùtọ́jú sáré dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ibi tó ya. Amọ̀ tí àwọn baba ńlá fi mọ ọ́n kò ju díẹ̀ lọ láàárín. Ìyókù jẹ́ ìpele lórí ìpele, ipa ìka àwọn obìnrin sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sunkún níbẹ̀, kò tijú.

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà. Ó ní òun ba ilé wọn jẹ́ níbi tóun ti ń tọ́jú rẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi,” ni ìyá wí. “O fẹ́ràn ilé wa, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ bí ẹni fẹ́ràn òkú lo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.”

Ó padà tọ alága lọ, ó sì bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi pa ọ̀dà pupa náà rẹ́. Wọ́n tún òfin ṣe: onílé ni yóò máa rẹ́ ilé rẹ̀, ìjọba á gbé amọ̀ wá, á sì bá wọn wá ẹni tí yóò gún un. Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, olùtọ́jú ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú amọ̀, àwọn ìyàwó kékeré ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ògiri yàrá rẹ̀ tí wọ́n tún mọ.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o mú ìyá rẹ wá láti abúlé. O ní kó má gbálẹ̀, kó má dáná, kó sáà jókòó kó máa sinmi. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o ti rí i pé ó ń rù. Bó o bá délé lónìí, gbé ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, kó bá yín já a.