Orúnkún Ọmọ Ẹtu

Àlọ́ o!
Àlọ̀ọ́!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orúnkún ọmọ Ẹtu. Ojoojúmọ́ ni orúnkún yìí ń dùn ún. Wọ́n lo oògùn títí, kò lọ. Ìyá ní, "Pẹ̀lẹ́, dùbúlẹ̀." Bàbá ní, "Pẹ̀lẹ́, má dìde." Ìyá àgbà ní, "Pẹ̀lẹ́, má tilẹ̀ mí!" Ẹ yé rẹ́rìn-ín, ẹ gbè é:

Orúnkún ń dùn mí o,
*Tẹ̀rẹ́ńtẹ̀!*
Eré ń wù mí ṣe o,
*Tẹ̀rẹ́ńtẹ̀!*

Ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbọ́ orin, ó dé. "Gbé orúnkún ẹ dání, ká ṣe bojúbojú. Tó bá rẹ ìwọ àti orúnkún ẹ, a ó jókòó."

Nírọ̀lẹ́, Ìyá ní, "Orúnkún ńkọ́?"

"Ó ṣì ń dùn mí, Màámi. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ la jọ sá pamọ́, ẹnikẹ́ni ò rí wa!"

Ìyá fẹ́ sọ pé "Pẹ̀lẹ́", ó gbé e mì.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú eré o."